Èéjì Tí N Kò Béèrè

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo wọ̀ láti Hotoro, gbọ̀n mí bí ẹni ń ku èlùbọ́, nígbà tí mo sì fi máa gun àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú eyín wa ní Sabon Gari, orúnkún mi méjèèjì ti ń bá ara wọn jà. Àtẹ̀gùn náà kò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Èmi a máa sọ fún àwọn èèyàn pé ogójì ni, kí wọ́n lè ṣàánú mi.

A kì í yọ eyín níbi tiwa. Títò ni a ń tò ó. Ẹni tí eyín rẹ̀ yọ síta, ẹni tí tirẹ̀ gun ara wọn lórí, dókítà wa á lẹ irin kéékèèké mọ́ wọn níwájú, á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀, á sì máa fún un le lóṣooṣù títí eyín yóò fi rìn dé ibi tó yẹ. Obìnrin ni dókítà náà, ọmọ Kano gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kò yá. Nítorí náà èmi ni ẹnu.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì ka ẹ̀kẹfà tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè po sìmẹ́ǹtì funfun bíi tèmi. Bí aláìsàn bá ti gé nǹkan rírọ̀ tí dókítà kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu jẹ, èmi ni mo máa da sìmẹ́ǹtì sójú eyín tó hàn níbẹ̀. Tó bá gbẹ, odindi ẹnu èèyàn ló máa jáde, pẹ̀lú gbogbo wíwọ́ rẹ̀. Mo ń tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ẹnu tó wà lórí pẹpẹ mi pọ̀ bíi ti inú ọjà, àwọn wọ̀nyí kò sì bú mi rí.

Iṣẹ́ mi kejì ni ìwé ìbéèrè. Ìbéèrè mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ bi aláìsàn kí a tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa ń bi àwọn Hausa, èmi ń bi àwọn Yorùbá. Ìkarùn-ún ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín: “Ǹjẹ́ ohun kan wà lẹ́nu yín tí ẹ kò fẹ́ kí a yí padà?” Ọkùnrin kan dá mi lóhùn pé ahọ́n òun ni, pé òun ló fi ń jẹun ní ọjà.

Ní oṣù mélòó kan ṣáájú àárọ̀ yìí, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kọ́tìnì ojú fèrèsé ni ìyá náà ń tà. Kano ni wọ́n bí ọmọ sí, a máa gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa tàbí pijin ni yóò fi dáhùn. Eyín òkè ọmọ náà yọ síta. Láàárín méjì iwájú, èéjì kan wà níbẹ̀ tí igi ìṣáná lè gbà kọjá.

Jẹnẹrétọ̀ ti kú láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ooru ń mú, àwọn sì ni ẹni kẹrìnlá tí mo máa bi ní ìbéèrè. Mo bi wọ́n dé ìkẹrin. Ìyá náà ní, “Bàbá, ṣé kò ní dùn ún báyìí?”

Èmi náà gba ibẹ̀ wọlé.

“Dùn ún kẹ̀? Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní Bompai, fọ́máànù wa kan wà tí eyín rẹ̀ yọ síta débi pé òjò kì í pa á lágbọ̀n. Abẹ́ rẹ̀ la máa ń sá sí. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn lọ́jọ́ Ajé. Kó tó di Ọjọ́rú, eyín ti wọlé, ṣùgbọ́n wáyà kò dúró, ó ń fà lọ, ó fa etí rẹ̀ méjèèjì wá síwájú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ.”

Gbogbo àwọn tó jókòó dè wá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ń nu ojú. Mo wo ìbéèrè karùn-ún, ó jìnnà sí mi. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo fa ìlà gbọọrọ kan sí ibi tí wọ́n kọ “Kò sí” sí, mo na ìwé náà sí ìyá, ó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo rí i, n kò béèrè ni.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá ìyá ọmọ náà kú ní Ọ̀fà, ìyá rẹ̀ sì lọ sìnkú. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó tó oṣù méjì ààbọ̀. Ọmọ ń dá wá. Ní àkókò yẹn gan-an ni dókítà fi rọ́bà tó ṣe bí ẹ̀wọ̀n so eyín iwájú rẹ̀ pọ̀. Díẹ̀díẹ̀, èéjì pa dé. Ọmọ náà rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Èmi fúnra mi wò ó, mo ní, “Dókítà, ọwọ́ yín kò ní rọ.”

Láàárọ̀ tí orúnkún mi ń jà yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ìyá náà wọlé, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Kò kí mi.

“Dókítà dà?”

Dókítà jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ìyá náà ya ètè ọmọ rẹ̀ sókè. “Ta ló ní kí ẹ dí i?” Hausa ló fi bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ló bá a dé ọ̀nà, ó wá kọjú sí mi. “Bàbá, ìyá mi ló ni èéjì yìí. Èmi ò ní in. Ó fò mí, ó lọ bá ọmọ mi. Mo lọ sin ín, mo ń tu ara mi nínú pé bí mo bá délé, màá rí i lẹ́nu ọmọ yìí. Mo délé, ọmọ rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò rí ẹnì kankan.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Ó ní kí nọ́ọ̀sì mú ìwé wá. Ó tọ́ka sí ìlà, ó tọ́ka sí ibi tí ìyá fọwọ́ sí: a béèrè, ẹ ní kò sí.

“Ta ló bi mí? Wallahi, kò sẹ́ni tó bi mí!”

Dókítà wò mí. Ǹ bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọjọ́ orí mi gbà á.

Mo ní, “Dókítà, n kò bi í.”

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. “Baba ya fara!” Ó ní mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Bàbá, ṣé fọ́máànù yẹn ló kọ́ yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo irọ́ tí mo ti pa níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ẹni tó já mi nírọ́ rí. Òótọ́ kan tí mo sọ, wọn ò gbà á.

Mo ní, “Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fa mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fa ti ìkarùn-ún àti ìkẹfà pọ̀. Ìbéèrè méjì kì í ní ìdáhùn kan.”

Dókítà gbé ìwé súnmọ́ ojú. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó ti ìyá náà.

“Baba,” ó ní, “orúkọ tèmi ló wà lára ilẹ̀kùn.”

Bí ó bá bú mi, ìbá sàn.

Ó yẹ ẹnu ọmọ náà wò. Àyè ṣì wà lẹ́yìn eyín lápá méjèèjì. Ó ní sípíríńgì kékeré kan lè ti àwọn méjì náà kúrò lára ara wọn, òun á sì fi wáyà há wọn sẹ́yìn kí wọ́n má bàa padé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni, ọmọ ni kó sọ ohun tó fẹ́.

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo dígí. “A mayar da shi,” ó ní, “amma kaɗan.” Kí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n díẹ̀.

“Díẹ̀ kẹ̀? Ti ìyá mi kì í ṣe díẹ̀!”

“Mummy, ha!”

“Má ha mi. Ṣé kọ́tìnì là ń gé ni?”

Wọ́n ń ná èéjì bí ẹni ń ná aṣọ, títí dókítà fi ní kí n lọ mú ẹnu sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ti ọmọ náà wá. Mo lọ sí ibi pẹpẹ. Mo nu eruku ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù mi. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, bí mo ṣe dà á. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná ìka kékeré sínú àlàfo náà. Ọmọ rẹ̀ náà wò ó. “To,” ó ní. Ó gbà, kó rí bí èyí.

Láti ọjọ́ náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń fa ìlà. Èmi ń ka ìbéèrè, ẹnu mi kò sì gbọdọ̀ yà kí n tó kà á tán. Sìmẹ́ǹtì nìkan ni dókítà fi sílẹ̀ fún mi bó ṣe wà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá. Dókítà ní ó ti tó. Ọmọ ní ó ti tó, ó fẹ́ yọ irin ẹnu rẹ̀ kó tó padà síléèwé. Ìyá náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gbé ẹnu funfun náà lé mi lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ̀yin ni mo bi. Ṣé ó ti tó?”

Àwọn èèyàn kún ìjókòó. Ọmọ náà ń fojú bẹ̀ mí. Mo tẹ̀ síwájú, ìbàdí mi ké, mo wo ti sìmẹ́ǹtì, mo wo tirẹ̀.

“Ó kù díẹ̀,” ni mo wí.

“Baba!” Ọmọ náà pòṣé sí mi. Dókítà mí kanlẹ̀, ó tún wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá náà jókòó pẹ̀sẹ̀, ó bá mi fa àga tèmi náà súnmọ́ mi, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jókòó.” Mo jókòó, mo mú káàdì ọmọ náà, mo sì kọ oṣù mìíràn sí i.