Ẹni Tó Ń Pe Àjíkẹ́

Aránṣọ ni Àrínọlá, sùtánà àwọn aláṣọ funfun ló sì ń rán ní Ajangbadi. Láti Iba títí dé Okokomaiko, ẹni tó bá fẹ́ sùtánà tí kò ní fún lẹ́yìn fífọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́. Pẹ̀lú ẹnu yẹn náà, ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè sọ fẹ́nikẹ́ni.

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí òórùn aṣọ tó ń jóná ti ń ṣàdédé gba imú rẹ̀. Á fò dìde, á lọ wo áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù á tutù. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan á pè é: "Àjíkẹ́!" Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Ìyá yẹn ti kú ní Ìṣẹ́yìn láti ọdún méjìlá, kò sì sí ẹlòmíì láyé tó ń fi oríkì yẹn pè é. Gbogbo ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé ló mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Àrínọlá á pa ẹnu mọ́, ara rẹ̀ á bù máṣọ, títí ohùn náà á fi lọ. Ta ni kó sọ ọ́ fún? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi í sínú àwẹ̀. Ní àdúgbò, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó kúkú dákẹ́.

Ìgbà tó dákú sórí máṣínì ni Ṣemílọ́rẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n rí kókó kan nínú ọpọlọ lápá ọ̀tún. Irú kókó wo? Ìyẹn ni wọn ò mọ̀. Irú kan ń rọra dàgbà, wọ́n lè yọ ọ́ kí èèyàn sì pẹ́ láyé. Irú kejì kì í sábà jẹ́ kí èèyàn rí ọdún méjì. Dókítà Adétọ́lá, obìnrin Èkìtì kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ní MRI mìíràn, àwòrán tí ẹ̀rọ ńlá kan ń yà, ni àwọn máa ṣe báyìí, èyí tó ń wọn nǹkan. Á wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú kókó náà, á sì fi nọ́ńbà gbé e jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya wọ ibẹ̀ jù, a jẹ́ pé èyí tó burú ni.

Wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday. Ṣọlágbadé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí rẹ̀, ti rí gbogbo orúkọ Àrínọlá nínú fọ́ọ̀mù tí Ṣemílọ́rẹ kọ, títí kan oríkì. Ẹ̀rọ náà ń lù gbàgbàgbà bí ẹni ń kan pákó. Àfi bí òórùn aṣọ tó ń jóná ṣe dé.

"Mama Àjíkẹ́, ṣé kò sí o?"

Àrínọlá di ẹnu rẹ̀ pa. Ta ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé ibí ni òun wà? Ohùn náà tún pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fà á jáde.

"Ẹ já mi láyà o, ma! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pè yín láti ìta," ni Ṣọlágbadé wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o pè mí," ni Àrínọlá wí. "Ìkẹta, o ò tiẹ̀ fi Mama sí i. Àjíkẹ́ lásán lo pè mí."

"Èmi kẹ̀? Mo tó bẹ́ẹ̀? Màmá mi gan-an jù yín lọ díẹ̀ ni, ma. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, mo sì fi Mama sí méjèèjì."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ṣọlágbadé bojú wẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Dókítà Adétọ́lá rí nọ́ńbà tó jáde, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ya wọ ibẹ̀ gidigidi. Ó ti fẹ́ kọ èyí tó burú sílẹ̀ kí Ṣọlágbadé tó sọ ọ̀rọ̀ ìpè kẹta fún un. Ó jókòó ti Àrínọlá, ó sì rọra ń bi í léèrè títí gbogbo rẹ̀ fi tú jáde, òórùn àti ohùn.

"Ẹ ò ṣe sọ fún wa látọjọ́ yìí, Mama?"

"Kí ẹ lè ní mo ti ya wèrè?"

Dókítà ní irú wárápá kan ni, tí kì í gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kókó náà ló ń fà á. Bó bá ti dé, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ síbẹ̀, ó sì ti dé nínú ẹ̀rọ, nítorí náà nọ́ńbà yẹn kò ṣeé gbà gbọ́. Ó fún un ní oògùn. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n tún un wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó jọ èyí tó ń rọra dàgbà," ni Dókítà wí. "A máa yọ ọ́, a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ṣemílọ́rẹ bú sẹ́kún ayọ̀. Àrínọlá tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Ohùn yẹn ńkọ́, Dókítà? Látìgbà tí mo ti ń lo oògùn, ó ti ń jìnnà. Bí ẹni tó ń pè mí láti òkè odò ni."

"Tí a bá ti yọ ọ́, ma, ó yẹ kó dákẹ́ pátápátá. Ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́."

Oṣù mẹ́jọ ló fi bẹ̀rù ohùn yẹn. Ọjọ́ yẹn ló tó yé e pé ẹnu kan ṣoṣo tó kù tó ń pè é ní Àjíkẹ́ nìyẹn. Ṣemílọ́rẹ na bírò àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ náà sí i. Àrínọlá gbà á, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i pé kí ìyá òun kú lẹ́ẹ̀kejì.