Ẹ Káàárọ̀ Tó Di Ẹ̀ṣẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Àbíjáǹ sí Èjìgbò kó lè kọ́ Yorùbá, gbogbo Èjìgbò sì pawọ́ pọ̀, wọn ò jẹ́ kó kọ́ ọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi sùúrù sọ ọ́, kó wá ẹlòmíì tó máa sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rán ọmọbìnrin náà wálé. Àbíjáǹ ni wọ́n bí i sí, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Faransé nìkan ló sì ń gbọ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún dá ọmọ padà sílé kó lè gbọ́ èdè, kó sì mọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ní ìdí kan tó ju ti àwọn tó kù lọ, ìdí náà sì ni ìyá wa. Ìlú Ara, lẹ́bàá Èjìgbò, ni ìyá wa ń gbé, níbi tí wọ́n ti dáko títí agbára fi tán. Ojú wọn ò ríran mọ́ rárá. Wọn ò rí ọmọ náà rí, wọn ò sì ní rí i láéláé. Wọ́n wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé, "Ohùn ẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè fi mọ̀ ọ́n. Rán an wá kí n gbọ́hùn ẹ̀ kí n tó kú."

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Àbíjáǹ rí ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ láti wá fi Faransé ṣe fáàrí. Bàbá kan wà tó ń ta páàtì ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó bá ti rí ọmọ náà báyìí, á pariwo, "Sà fá?" ìyẹn "ṣé dáadáa ni?" Ọmọ náà á ní, "Sà fá." Ó tán. Bàbá ò ní ọ̀rọ̀ kejì nílé. Á wá máa wo ọ̀tún, á máa wo òsì, bóyá àwọn èèyàn gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin tó wà níwájú ilé wa ń ra bisikíìtì fún un kó lè máa sọ èdè òyìnbó létí wọn.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, Yorùbá lọmọ yìí wá kọ́ o!"

Bàbá onípáàtì ní, "Fọmọ sílẹ̀ jàre, ìyá aránṣọ. Ṣé Yorùbá fẹ́ sá lọ ni?"

Ó ń sá lọ, bàbá. Ojú yín báyìí ló ti ń sá lọ, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo kórìíra èdè ẹlòmíì. Èmi náà gbé Àbíjáǹ pẹ́. Inú ọjà ni mo ti kọ́ Faransé, mo kọ́ Júlà, èdè ọjà wọn, mọ́ ọn, torí àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Mo ṣì í sọ, wọ́n fi mí ṣe ẹ̀rín, mo tún un sọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ́kọ́ lọ da Yorùbá mi nù sí ààtàn ná. Èdè àjèjì wọlé wá bá mi bí àlejò ṣe ń wọlé, ṣùgbọ́n àlejò tó bá ní kí onílé lọ sùn síta, ṣe ni mo máa lé e.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ sí Ara, ìyá wa ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wá láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà ni wọ́n ti fún un ní oríkì, bí wọ́n ṣe fún gbogbo àwa ọmọbìnrin ilé. Bí wọ́n bá fi oríkì pe ọmọbìnrin nílé wa, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyá wa wá fi oríkì náà pè é, ohùn wọn dùn. Ọmọ náà ń wò mí. Wọ́n tún pè é. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ìyá wa na ọwọ́ síwájú, wọn ò bá nǹkan kan.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

Ó wà níbẹ̀. Iwájú wọn gan-an ló dúró sí.

A padà dé Èjìgbò, mo gbé iṣẹ́ náà lé orí ara mi. Ìkíni ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ èèyàn kí ò tíì gbọ́ Yorùbá. Mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, mo kọ́ ọ ní "ẹ káàárọ̀," mo kọ́ ọ ní "ẹ kúuṣẹ́." Àwọn oníbàárà mi ló fi ń dánra wò. Bó bá kí wọn, wọ́n á ṣàdúrà fún un, ojú ẹ̀ á sì tàn. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé láìpẹ́, ìyá wa náà máa gbọ́ ìkíni tiwọn.

Àṣé ilé-ìwé ló máa bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n fi í sí ilé-ìwé aládàáni, ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pàdé tíṣà ẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọ́n bá gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé èdè ìbílẹ̀ ló ń sọ. Ó gbé e kọ́rùn títí wọ́n fi jáde, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo lé e lórí. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀, kò sọ Yorùbá, kò sọ Faransé.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, mo gba ilé-ìwé wọn lọ. Ọmọ Èjìgbò ni ìyá tó ni ilé-ìwé náà, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni mo fi ń dá a lóhùn. Ó ní òfin lòfin, àwọn òbí ò fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ wọn. Ibi tó ti ń fi imú sọ ọ́ lọ ni ewúrẹ́ kan ti já wọ inú ọgbà, ó dojú kọ àwọn òdòdó ẹ̀. Ìyá náà fò dìde, ó yọrí lójú fèrèsé, ó pe bàbá tó ń ṣọ́ géètì.

"Bàbá! Ta ló ṣí géètì yẹn sílẹ̀? Ṣé ẹ ò rí ẹran burúkú yìí ni? Ẹ bá mi sọ ọ́ lókò! Ẹran ta ni, ẹran oníranù!"

Ojúlówó Èjìgbò, bí ìyá tó bí i ṣe ń sọ ọ́. Ó jókòó padà, ó tún ohùn ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, pátákó tiyín dà?"

Ó ní kí n jáde. Mo mú ọmọ mi àti báàgì ẹ̀, mo jáde. Ẹ̀gbọ́n mi bú mi lórí fóònù títí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi ara yín léèrè nǹkan tẹ́ ẹ rán ọmọ yìí wá ṣe."

Ara ni mo gbé e lọ tààrà. Nígbà tí ìyá wa kíyè sí i pé ọmọ ò dáhùn sí ohunkóhun, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé 'wá jẹun' lédè wọn lọ́hùn-ún? Kọ́ mi. Bí kò bá lè wá bá mi, èmi ni n ó lọ bá a."

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Kí arúgbó wà nílé ara wọn, ní Ara, kí wọ́n máa kọ́ Faransé kí wọ́n tó lè pe ọmọ-ọmọ wọn wá jẹun! Mo ní, "Màámi, mi ò ní kọ́ yín." Mo fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó padà lọ. Àárọ̀ ni mo débẹ̀. Ọmọ náà ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìyá wa sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi oríkì pè é. Ṣe ló ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ó wo ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀, ibi tí wọ́n gbé pátákó kọ́ lọ́jọ́sí. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ sọ:

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyá wa gbá a mọ́ra. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú síbi tí wọ́n rò pé mo wà.

"O gbóhùn ẹ̀? Ohùn tútù báyìí! Ọmọ tó níwà pẹ̀lẹ́ ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màámi." Ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.