Ọkọ̀ Bàbá Mi Tó Ń Ké Bí Ọkọ̀ Ṣọ́jà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì tí àwọn adìyẹ ìyá mi sọ di ilé. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ ó rántí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn bí imú ọ̀nì, ìdí rẹ̀ sì kúrú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wọlé nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn. Nígbà tí nǹkan le, tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba, ó padà sí òkè òkun, ó ní kí bàbá mi kúkú sọ ọkọ̀ náà di tirẹ̀. Ohun tó gbàgbé láti sọ ni pé kò rìn mọ́.

Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì tí iṣẹ́ gbé wá sí etí òkun. Ìyá mi ní tirẹ̀, ọmọ Gberefu ni, ní òdìkejì ọ̀sà, Ègùn pọ́ńbélé. Òun ló mọ ohun tí afẹ́fẹ́ òkun ń fi irin ṣe. Bí ikán ṣe ń jẹ igi ni iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin. Kí ó tó pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti di búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ìpẹtà ti lu ilẹ̀ rẹ̀ jo, adìyẹ aláwọ̀ eérú kan sì ń pamọ lórí àga ẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n ń rán lọ kó ẹyin láràárọ̀. Mi ò kì í tètè dé. Èmi àti Kúnlé àbúrò mi á jókòó síwájú, màá di sítíárì mú, a ó rin ìrìn àjò dé Ìbàdàn, a ó yà ní Lọ́ńdọ̀nù, a ó sì padà dé kí ìyá wa tó pariwo pé ta ni yóò gbálẹ̀.

Ní ọjọ́ tí iléèwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn tó ń ra àlòkù irin ti Ìwòrò wá. Ìyá mi pè wọ́n wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Bàbá mi sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìyá mi ní, “Bàbá Mojí, ọkọ̀ tí kò rìn, ilé adìyẹ ni. Ẹ jẹ́ kí n tà á, kí n fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ.”

Bàbá mi bẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọlidé yìí parí ná. Bí iléèwé bá wọlé tí kò tíì kúrò lójú kan, kí wọ́n gbé e lọ.”

Ìyá mi wò ó, ó wo ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà, nítorí ó dá a lójú pé ẹ̀rọ ìránṣọ ti délé.

Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Owó oṣù tíṣà a máa pẹ́ kó tó dé, ojúlówó ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò sì wọ̀lú mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí bàbá mi rí ni kí ó ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Sètónjí, ọmọ àbúrò ìyá ìyá mi, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹja ṣe ní Gberefu. Bọ̀dá Sètónjí kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ orí ilẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lórí, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́jọ, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. “É yọ́n!” ni ó sọ, ohun tí Ègùn ń sọ bí nǹkan bá dára. Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá tirẹ̀ kún un pé, “Ọkọ̀ yìí kò kú. Oorun ló ń sùn.”

Bí ìsinmi wa ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Èmi àti Kúnlé la ń ri èèpo àgbọn sínú omi ọ̀sà títí yóò fi rà, tí a ó sì máa fi igi lù ú títí irun àgbọn yóò fi tú jáde. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kò bá wa jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́. Irun àgbọn yìí la kì sínú àga dípò fóòmù tí eku ti jẹ. Àga náà gùn wá ní ìdí, èèrà inú rẹ̀ sì ta bàbá mi nígbà tó kọ́kọ́ jókòó. Ó fò dìde bí ọmọdé, ó ní kò sí nǹkan kan. A fi yanrìn àti èèpo àgbọn ha ìpẹtà. Páànù àlòkù ni wọ́n fi lẹ ibi tó jo, wọ́n sì fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀ ojú omi kun ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí iyọ̀ má baà rí i jẹ mọ́.

Bàbá mi fẹ́ kun ara ọkọ̀ ní dúdú bí ti àwọn adájọ́. Àmọ́ ọ̀dà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn apẹja ni Bọ̀dá Sètónjí rí gbà: búlúù fún òkè, pupa fún ìsàlẹ̀. Bó ṣe kùn ún tán, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó fẹ́ kọ àdúrà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ ẹja. Bàbá mi gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtúnṣe nìkan kọ́ ni Bọ̀dá Sètónjí ṣe o, ó fi tirẹ̀ kún un. Ó yọ kábúrétọ̀ kúrò lára lọ́rì kan tó ti kú sí ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó fá a, ó fi sí i, ó ní ọkọ̀ náà yóò dín epo mímu kù. Ó fi ọ̀pá tó ń fa epo nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rọ́pò èyí tó ti jẹrà. Kọ́kọ́rọ́ ti sọnù, nítorí náà ó fa wáyà méjì jáde lábẹ́ sítíárì. Bí o bá fi ọ̀kan kan èkejì, ọkọ̀ á jí. Sálẹ́ńsà tó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò rí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀.”

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mo wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò níṣẹ́. Bàbá mi àti Bọ̀dá Sètónjí ti kó orí sínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí irin kan nísàlẹ̀. “Mojí, tẹ̀ ẹ́! Fi sílẹ̀! Tẹ̀ ẹ́!” Mo tẹ̀ ẹ́. Háà! Ilẹ̀ mì, adìyẹ fò lọ sórí òrùlé, àgbọn kan já lulẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé dúdú fún èéfín, bàbá mi sì ń jó nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ìsàlẹ̀ àdúgbò dé pẹ̀lú agolo mílíìkì méjì àti ṣúgà. Ẹnu yà wá. A ti ń fi iyọ̀ mu ògì láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkùnrin kan ló ni ìsọ̀ tó tóbi jù ní àdúgbò wa, nísàlẹ̀ níbi tí òpópónà wa ti fẹ́ kan ọ̀sà. Ó-tán-lánàá là ń pè é lẹ́yìn, torí ohunkóhun tí o bá béèrè, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ń kó ọjà pamọ́ kí ó lè wọ́n sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i. Ìyá mi ní àdédé ni ó gbọ́ ariwo kan láti òkè, ló bá sáré gbé páálí síta, ó ń kígbe pé, “Iye tí ìjọba ní ká tà á ni o! Kọ́ńtírò ni!” Ojú ọ̀nà ló ń wò bó ṣe ń tà á.

Èmi àti Kúnlé wo ara wa. Ó rò pé ọkọ̀ ṣọ́jà ni! Lásìkò yẹn, bí ṣọ́jà bá ká ọjà mọ́ ọ nílé, wọ́n á tú u tà lójú rẹ, wọ́n á sì ní kí o máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú oòrùn. A kò sọ fún àgbà kankan. Bàbá jáde lọ sípàdé ní ọjọ́ kejì, mo fi wáyà kan wáyà, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Kẹ́hìndé, aládùúgbò wa, ra ṣúgà lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a tún ṣe é, ọṣẹ ló gbé jáde. Àwọn ọmọ àdúgbò ti wá ń bẹ̀ wá pé kí a tẹ̀ ẹ́. Bí mílíìkì bá jáde, wọ́n á fún wa ní ẹja díndín. Bí ọṣẹ bá jáde, wọ́n á bá wa pọn omi. Mo wá ń rìn bí ọ̀gágun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí iléèwé wọlé. Bàbá mi rí táyà mẹ́rin tí ara rẹ̀ ti dán bí orí apárí, òun àti Bọ̀dá Sètónjí fi wọ́n sí i ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù kúrò. Kí ọkọ̀ má baà yí, bàbá mi fi jíà sí wáàn. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́, kí ni mo mọ̀ nípa jíà? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ wá epo, mo wọlé sínú ọkọ̀, Kúnlé jókòó tì mí, mo fi wáyà kan wáyà.

Ọkọ̀ fò síwájú bí ewúrẹ́ tí ó já okùn. Ó wó ọgbà ẹ̀gẹ́ ìyá mi, ó bọ́ sí òpópónà, ó doríkọ ìsàlẹ̀. Kúnlé ń ké pé, “Tẹ bíréèkì! Tẹ bíréèkì!”

Mo ké padà pé, “Èwo ni bíréèkì?”

Irin kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun ni mo sì tẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rántí ni omi ọ̀sà tó ń dán níwájú mi tó ń tóbi sí i, àti igbe Kúnlé. Mo fa sítíárì sí ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ọkọ̀ yà kúrò lójú omi, ó ro wùùwù nínú yanrìn, ó fi imú gún ògiri pátákó kan, ó sì kú fin-ín.

Ògiri ilé ẹ̀yìn Ó-tán-lánàá ni. Pátákó rọra dà wó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí aṣọ bọ́ lára èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni páálí mílíìkì wà dé òkè àjà. Ṣúgà wà níbẹ̀, àti ọṣẹ, àti àpò ìrẹsì, àti òróró nínú kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo àdúgbò ti dé. Ìyá mi já àárín èrò kọjá, ó fà wá jáde, ó yẹ apá wa wò, ó yẹ ẹsẹ̀ wa wò, nígbà tó rí i pé kò sí ibi tó dá, ó gbá wa létí méjì-méjì.

Ó-tán-lánàá jáde, ó ń pariwo pé, “Ilé mi! Màá pe ṣọ́jà!”

Ìyá mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ pè wọ́n, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo ilé ẹ̀yìn yìí.”

Ọkùnrin náà wo páálí, ó wo èrò. Ó wá gbé ohùn sókè pé, “Ẹ tò sórí ìlà o! Kọ́ńtírò ni!” Ọjà náà kò tán títí oòrùn fi wọ̀.

Bàbá mi àti Bọ̀dá Sètónjí sáré dé. Mo ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n kúnlẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ gbá èmi àti Kúnlé mọ́ra pọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa pa. Lẹ́yìn náà ló nà wá ní pàṣán mẹ́fà-mẹ́fà, tó ń fi èdè Èkìtì bá wa wí. Láàárín ìkẹrin sí ìkarùn-ún, ó dúró, ó bi mí lábẹ́lẹ̀ pé, “Ṣé ó ń fà dáadáa?” Mo ní, “Ó ń fà, sà.” Ó ní, “Hùn-ún,” ó sì parí èyí tó kù.

Ìyá mi tẹ̀ lé ipa táyà láti ìsọ̀ títí dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó ti wó. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àdéhùn ni àdéhùn. Ó ti kúrò lójú kan.” Onírin ti Ìwòrò wá ní ọjọ́ kẹta, ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Kí ó tó di pé bàbá wà wá lọ sí Àjìdó ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó gbé mi jókòó síwájú, ó fi ọwọ́ mi kan irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Èyí ni bíréèkì. Ẹni tí yóò lọ, kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.” Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. A lo ọkọ̀ náà títí iyọ̀ fi borí ọ̀dà. Bọ̀dá Sètónjí yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Tópò, kò sì sí ọkọ̀ kan tó lè yà á sílẹ̀ lórí ọ̀sà yẹn.

Lónìí, ọkọ̀ ti yàtọ̀. Tèmi, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, bí nǹkan kékeré bá sì bàjẹ́, wọ́n á ní kí n ra odidi tuntun. Ìsọ̀ kún fún mílíìkì, orí ló ń fọ́ni bí a bá gbọ́ iye rẹ̀. Mi ò ní kí ìyà ìgbà yẹn padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò mọ ohun tó wà nínú nǹkankan mọ́. Wọ́n kàn mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́sí, ó gbé ojú sókè, ó bi mí pé, “Mọ́mì, ta ló gbà yín láàyè?”

Mo ní kò sẹ́ni tó gbà wá láàyè. Àwa náà kò sì béèrè.