Ìkòkò Yanrìn Ìyá Mi

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe inú àyà mi ni ẹ̀mí mi wà. Inú ìkòkò yanrìn kan ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá mi ló gbé ìkòkò náà kalẹ̀ síbẹ̀, òun ló sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé ewébẹ̀ ló gbìn sí i.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí nígbà náà. Mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan lọ́nà Igbóṣéré, níbi tí a ti ń rán ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà. Ṣàdédé ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí. N ó mu omi títí ikùn mi á fi le, n ó sì máa tọ̀ léraléra, débi pé ọ̀gá mi ní kí n kúkú gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sí ilé ìtọ̀. Mo rù kan egungun. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, abẹ́rẹ́ ni n ó sì máa gún fúnra mi láràárọ̀ títí ọjọ́ ayé mi. Ínsúlìn ni wọ́n ń pe oògùn náà. Inú ìgò kékeré kan ló wà, ó sì rí bí omi tí a fi fọ ìrẹsì.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó mú ìgò náà dání, ó ní, “Màmá, kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dà á nù. Bó tiẹ̀ yọ́ padà, òkú oògùn ni.” Ó ní kí ìyá mi tún un sọ. Ìyá mi nà ró bí ọmọ ilé-kéwú tó ń ka wàláà níwájú alùfáà, ó sọ ọ́ láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ dì, bó bá dì, òkú oògùn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn.

Fíríìjì kò sí lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi ti kú, yàrá kan tó fi sílẹ̀ nínú agbo ilé wọn ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ìyá mi lọ wa yanrìn létí ọ̀sà, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, ó dà á sínú ìkòkò ńlá, ó sì ri ìṣasùn kékeré kan mọ́ àárín yanrìn náà. Inú ìṣasùn yẹn ni ìgò oògùn ń gbé, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Á bomi rin yanrìn, á sì fi àpò tútù bo gbogbo rẹ̀. Bí oòrùn ń mú tí òrùlé páànù ń ké, bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú ìṣasùn yẹn, á tutù bí ilẹ̀ abẹ́ àmù. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Orí ara rẹ̀ ló fi rò ó, inú mi sì dùn pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló bí mi.

A tiẹ̀ gbé e rìnrìn-àjò rí. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé àwọn ẹbí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, a sì rìn dé Apọ́ngbọ̀n láti wọ mọ́tò. Ìyá mi ti ṣe ìkòkò kékeré mìíràn fún ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní kó gbé e sórí òrùlé mọ́tò láàárín ẹrù, ìyá mi ní oòrùn wà níbẹ̀. Awakọ̀ ní kó gbé e síwájú lẹ́bàá òun, ìyá mi ní ooru ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé títí a fi dé Ìjẹ̀bú. Ọkùnrin kan bi í pé ṣé ọbẹ̀ ni. Ó ní, “Rárá o, ọmọ mi ni.” Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìró rẹ̀ ti rin gbindin títí dé orúnkún nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ra fíríìjì. Anti ni gbogbo wa ń pè é. Òun ni àgbà nínú agbo ilé, oníṣòwò aṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dẹ̀. Ìyá mi kì í pè é ní orúkọ kankan ju “ọkọ mi” lọ, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Anti wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo ìkòkò yanrìn, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ṣé irú lẹ̀ ń tọ́jú síbí ni? Oògùn òyìnbó lẹ wá sin sínú yanrìn bí òkú? Ẹ gbé e wá sínú fíríìjì mi jàre.”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló da yanrìn nù. Anti máa ń ti fíríìjì rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, etí ìró rẹ̀ ló ń so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Nítorí náà, láràárọ̀, ìyá mi á lọ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e wá fún mi, n ó gún abẹ́rẹ́ mi, á sì gbé e padà. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Mo sanra díẹ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oṣù Ràmàdánì wá dé. Dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀, nítorí náà inú yàrá ni mo ti ń jẹun, pẹ̀lú ilẹ̀kùn pípadé. Ẹni tí kò gba ààwẹ̀ láàárín àwọn aláàwẹ̀, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó. Anti ní tirẹ̀ pinnu pé lọ́dún yìí, omi tútù lòun ó fi ṣe sàárà. Láádá ẹni tó fún aláàwẹ̀ lómi fi ṣínu kò kéré, ó sì fẹ́ kó láádá náà jọ. Ó yí bọ́tìnnì fíríìjì dé òpin, ó to abọ́ omi kún inú rẹ̀ kí wọ́n lè di yìnyín, àwọn ará mọ́ṣáláṣí á sì wá kó o nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń ṣàdúà fún un gan-an.

Láàárín oṣù náà ni mo rí i pé oògùn mi ti yí padà. Èérún funfun lẹ̀ mọ́ ara ìgò, bí ògì tó di kókó. Mo fi han ìyá mi. Ó gbà á, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò wo ojú mi. Ó ní, “Mì ín dáadáa, kó o gún un.” Mo mì ín, mo gún un. Ìyá mi ni. Ta ni n ó tún lọ bi?

Òùngbẹ padà. Ìtọ̀ padà. Ojú mi ń ṣú, ẹsẹ̀ mi ń ta mí bí ẹni tó tẹ èèrà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rù, gbogbo agbo ilé sì rí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣínu lágbàlá, Anti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú gbogbo obìnrin ilé. Ó ní, “Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ láràárọ̀ tí ara ẹ̀ ò yá, ohun tó ń jẹ nínú yàrá yẹn ló yẹ ká wádìí. Dàbínù tí a fi ń ṣínu ń dín kù nílé yìí. Ìyàwó, ẹ gbé àpótí ọmọ yín síta, ká wò ó.”

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí ìyá mi. Mo rò pé yóò sọ pé ọmọ òun kì í jalè. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé àpótí mi jáde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ó ń kó aṣọ mi jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n ọ́n, títí kan èyí tí obìnrin kì í ṣí síta lójú èrò. Kò sí dàbínù níbẹ̀. Anti ní mo ti jẹ ẹ́ tán ni, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, n ó kó sí i. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń ká aṣọ mi padà, àánú ìyá mi ló ń ṣe mí. Mo rò pé wọ́n ti fi ipá bá a lò.

Nígbà tí Ìtùnu Ààwẹ̀ ku ọ̀la, a ti palẹ̀mọ́ láti lọ ṣọdún lọ́dọ̀ àwọn ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Ìyá mi wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù. Èmi ni mo lọ gba oògùn lọ́dọ̀ Anti lọ́jọ́ náà. Mo bá a lórí ẹní, wọ́n ti lé làálì sí i lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n sì ti fi ewé àti aṣọ dì í, kò lè di nǹkan kan mú. Ó na etí ìró rẹ̀ sí mi pé kí n tú kọ́kọ́rọ́, kí n ṣí fíríìjì fúnra mi.

Mo ṣí i. Ìgò oògùn mi wà láàárín abọ́ yìnyín méjì, ó ti gan. Mo dojú rẹ̀ kọdò, kò sí ohun tó mì nínú rẹ̀.

Mo ní, “Anti, ó ti dì.”

Ó ní, “Ó máa yọ́. Ṣebí ojoojúmọ́ ló ń yọ́.”

“Ojoojúmọ́ kẹ̀?”

“Bi ìyá ẹ. Òun ló máa ń fi í sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ láràárọ̀, kó tó gbé e wá fún ẹ.” Ó wò mí, ó rí ojú mi. “Àbí ó burú ni? Ìyá ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi o. Mo bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kò ṣe nǹkan kan, ọkọ òun.”

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ òwe yẹn, Anti ni mo máa ń fojú rẹ̀ wò. N kò rò ó kan ẹni tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan.

Mo gbé ìgò náà wọ yàrá, mo gbé e ka iwájú ìyá mi, lórí ẹrù tó ń dì. Ó wò ó. Kò bi mí pé kí ni.

Mo ní, “Ẹ mọ̀.”

Ó ń so okùn ẹrù lọ. “Ọkọ mi ni,” ó ní. “Ilé wọn la wà. Yàrá wọn là ń sùn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé yìnyín tí wọ́n fi ń ṣe sàárà ń pa ọmọ mi? Mo rò pé bó bá ti yọ́, díẹ̀ á ṣẹ́ kù nínú agbára ẹ̀. Mo ní kí ààwẹ̀ ṣáà parí.”

“Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe dàbínù. Ẹ mọ̀, ẹ sì ṣí àpótí mi.”

Okùn náà ti so tán, ó tú u, ó tún un so. Mo ti bínú sí ènìyàn rí láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì bínú sí ìyá mi rí, n kò sì mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń jáde lẹ́nu mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín.

A kò lọ sí Ìjẹ̀bú mọ́. Ọsibítù la lọ. Nọ́ọ̀sì kan náà ló gba ìgò náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Ta ló jẹ́ kó dì?” Kí n tó lanu, ìyá mi ti dáhùn. Ó ní, “Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. A ò mọ̀ pé kò gbọdọ̀ dì ni.” Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa lákọ̀tun, ìyá mi sì ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo dúró tì í, n kò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó ti fi mí mọ́ irọ́ náà.

Wọ́n fún wa ní oògùn tuntun, ara mi sì yá díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi lọ wa yanrìn mìíràn létí ọ̀sà, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tó fi fíríìjì sílẹ̀. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nígbà kankan. Ó kàn ń bomi rin yanrìn, láàárọ̀ lálẹ́, kì í gbàgbé. Èmi náà kì í gbàgbé. Bó bá ti bomi rin ín tán, lójú rẹ̀ ni n ó ti ṣí ìṣasùn, n ó mú ìgò náà, n ó yẹ̀ ẹ́ wò sójú ìmọ́lẹ̀. Á dúró, á máa wò mí, pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Mo fẹ́ kó dùn ún.

Bí a ṣe gbé e nìyẹn fún ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi kírun ọ̀sán, ó ní ó rẹ òun, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mú oògùn mi, mo ki ọwọ́ bọ inú yanrìn, ó ṣì tutù. Omi tó bù sí i láàárọ̀ àná ni. Mo jókòó sílẹ̀ tì í, mo sì sunkún tí n kò lè sun níwájú àwọn tó wá kí wa.

Lẹ́yìn náà, mo mú ìgò náà jáde, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.