Ọjọ́ Tí Ilé Alága Kò Sinmi

Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nígbà náà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mo ti gboyè ní Ìbàdàn, mo ti sìnrú ìlú tán, mo sì padà láìníṣẹ́ sí ìlú kékeré wa lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ má pè mí ní akíkanjú. Ẹ̀rù ló ń bà mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹgbẹ́ ìlú kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Gbogbo wa la ru yanrìn rẹ̀, àtàgbẹ̀ àti tíṣà. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo kọ ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn: "Ọ̀fẹ́ ni, fún ọmọ àwọn ìyá tó jẹ́ òṣìṣẹ́." Ìyá tó bá ń ṣiṣẹ́ ni mo ní lọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Ìyá Ìbídùn gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ dé. Oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni obìnrin yìí ń ṣe. Ìbídùn, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lè máa pọn àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ọmọ ọwọ́ yẹn wọlé, Ìbídùn á padà sí kíláàsì. Alága ẹgbẹ́ wa, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ibo lẹ ti ń gba owó oṣù?"

"Oko ni mò ń lọ, Bàbá."

"Àgbẹ̀ lẹ jẹ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ la kọ síbí."

Ìyá Ìbídùn na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. "Ẹ bá mi bi ọwọ́ yìí bóyá eré ló ti ń bọ̀."

Alága ní ohun tí a bá ti kọ, a ti kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni èmi dúró sí. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi, mo sì tún ń bẹ̀rù alága, débi pé n kò mọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ ló tilẹ̀kùn mọ́ Ìbídùn.

Lọ́sàn-án, mo lọ jẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, omi lé sí mi lójú.

"Akọ̀wé, ó tó," Ìyá Ìbídùn ní, lẹ́nu Èkìtì rẹ̀ tó ń pe ilé ní ulé, iṣẹ́ ní uṣẹ́. "Ìwé lo kọ, o ò pààyàn. Kí ni wọ́n ń pe ulé náà?"

"Jẹ́lé-ó-sinmi."

"Kí ulé ta ni ó sinmi?"

Kí n tó dáhùn, ẹ̀rín ti bú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan bí ogún ìyá kó ọkọ́ àti ọmọ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n kó ọmọ sílẹ̀. Tíṣà méjì tí wọ́n ti gba ọmọ tiwọn wọlé náà gbé àwọn ọmọ yẹn wá.

"Kí lèyí?" Alága figbe ta.

"Bàbá, ulé tiwa ti sinmi," Ìyá Ìbídùn dá a lóhùn. "A ń lọ sí uṣẹ́. Ẹ gbọ́ o, uṣẹ́! Ẹ̀kọ wọn wà nínú abọ́. Ẹni tó wọ pupa yẹn, ó máa ń gé ni jẹ."

Wọ́n lọ lóòótọ́! Ọmọ kan gun alága lẹ́sẹ̀, ó já awò ojú rẹ̀ gbà. Òmíràn bú sẹ́kún, àwọn yòókù gbè é. Ìyàwó alága rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí alága fi pè mí.

"Akọ̀wé! Mú bírò wá. Kọ ọ́ pé fún gbogbo ìyá tó bá ń ṣiṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀, tó gbé ọmọ méjì dání, ní: "Baálé mi, ìyá wo ni kì í ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ ìyá láti àárọ̀, ẹ ti gba owó oṣù?"

Alága wo ọmọ tó wọ pupa, òun náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kọ ọ́ bó ṣe wí."

Mo kọ ọ́: "Fún ọmọ gbogbo ìyá." Nígbà tí àwọn ìyá dé láti oko, ijó ni wọ́n fi gbọmọ.

A borí, ṣùgbọ́n ọdún ẹ̀kọ́ tí Ìbídùn pàdánù kò padà. Àwọn tí orí wọn dé èjìká rẹ̀ ló bá jókòó ní kíláàsì. Lójú ọ̀nà Emùré, mo ṣì ń rí ọmọbìnrin tó pọn ọmọ nígbà tí aago ilé ìwé ń lù, gbèsè wọn sì wà lọ́rùn wa.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo tún ìkéde náà kọ, mo rí Ìbídùn tó ń lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ti ẹni tó pọnmọ.

"Ìbídùn, nàró!"

Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀." Ó sì sáré lọ.