Dọ́là Mọ́kàndínlógún Ó Dín Sẹ́ǹtì Mẹ́ta

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni Desmond Tranter máa ń lẹ ìlà rẹ̀ mọ́. Bébà gígùn kan ni, tó fi pẹ́ńsù ya iye owó irun àgùntàn sí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu tíì nínú ilé yẹn, àfi kó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kó gbọ́ àlàyé. Tíì mi ti tutù níbẹ̀ àìmọye ìgbà. Èmi ni mo ń bá wọn yan irun àgùntàn lọ́dọọdún: bí àwọn arẹ́run bá ti rẹ́ ẹ tán, èmi ni mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tí mo máa ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára.

Desmond kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná, torí ẹnu àwọn ará Nyngan, ìlú wa, kì í gbé jẹ́ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé ìtura kan ní Dubbo ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìlà yẹn, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti Sydney wá, tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ra góòlù àti owó ilẹ̀ òkèèrè lórí kọ̀ǹpútà. Òǹkà Fibonacci ni wọ́n ń pè é, orúkọ ará Ítálì àtijọ́ kan. Ení, èjì, ẹ̀ta, àrún, ẹ̀jọ, ẹ̀tàlá: ẹ da méjì tó kẹ́yìn pọ̀, ẹ ó rí èyí tó kàn. Bó bá ti ń lọ sókè, èyí tó wà níwájú kì í ju ìlọ́po kan àbọ̀ àti díẹ̀ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò gbà pé ọjà náà ń rìn báyìí. Bí owó nǹkan bá gùn lẹ́ẹ̀kan tó sì sinmi, wọ́n á wọn ìgùn àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀ àti díẹ̀, wọ́n á gbé e lé ibi tó ti sinmi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ní ìgùn kejì ń lọ. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá torí pé gbogbo wọn jọ ń wo ojú kan náà ni, n kò mọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Desmond fi ìlà náà ta irun, ó bọ́ sí i. Ibi tó fi ìka tọ́ka sí ni owó dé. Ó tà, kò pẹ́ sí i ni ọjà já wálẹ̀. Ó fi èrè rẹ̀ ra táǹkì omi tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Wòlíì nílé ọtí. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ mo rí àwọn kan lára wọn tí wọ́n ń ra ọtí fún un, tí wọ́n ń bi í léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí.

Noeline ìyàwó rẹ̀ ló ni àgùntàn. Bàbá obìnrin yìí ló tọ́ ìran wọn láti kékeré rẹ̀, tó ń yan àgbò tó dáa fún abo tó dáa, títí irun wọn fi dá yàtọ̀ lágbègbè wa. N kò rí irú rẹ̀ lórí tábìlì ẹlòmíì. Lọ́jọ́ ìrẹ́run, kí n tó fọwọ́ kan irun àkọ́kọ́, Noeline á wọlé, á fi àtàǹpàkò ya irun náà sí méjì, á wo inú rẹ̀, á ní, "Bàbá ṣì wà níbí." Á wá padà lọ máa dín ẹran fún àwọn arẹ́run. Gbogbo wa ló máa ń dúró dè é. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ láti ìgbà ìgbéyàwó nìyẹn: Noeline ń sìn, Desmond ń tà.

Ọ̀dá wá dé. Koríko jóná mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ra koríko gbígbẹ láti Victoria. A rẹ́ irun lọ́dún náà, wọ́n dì í, wọ́n kó o lọ sí Sydney fún gbàǹjo. Lórí ìlà Desmond, owó kílò kan ti gùn láti dọ́là mẹ́wàá dé mẹ́rìnlá, ó sinmi ní méjìlá àbọ̀, ó sì ti tún gbéra. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní mọ́kàndínlógún ó dín sẹ́ǹtì mẹ́ta ló ń lọ. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Gavin, alárenà tó ń bá wọn tajà, pé kó má ta a lábẹ́ iye yẹn.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Noeline dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Desmond, koríko tó kù yìí ò lè gbé wa dé ìparí oṣù. Ta irun yẹn."

"Ó ń bọ̀. Wò ó, ibí ló wà. Ibí ló ń lọ."

"Mo ti rí ibi tó ń lọ. Ìgbà wo ló máa débẹ̀?"

"Ìlà kì í sọ ìgbà. Iye ló ń sọ."

"Ebi ń sọ ìgbà ní tiẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, àmọ́ mo wo ojú Noeline, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, Gavin pè. "Desmond, ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fún wa ní méjìdínlógún àbọ̀. Owó gidi ni. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?"

"Kí ni mo kọ sílẹ̀ fún ẹ?"

"Mo mọ nǹkan tó o kọ. Kò débẹ̀."

"Má tà á nígbà yẹn."

Mo sọ fún un lójúkojú pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó ní, "Merle, onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún." Mo ní kó lọ fún un ná, ká wò ó.

Irun náà wà ní ìpamọ́ ní Sydney. Gbàǹjo tó tẹ̀ lé e, owó já sí mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó yá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó koríko sì ti fò sókè ju ti irun lọ. Desmond ní ìsinmi ni ọjà ń sinmi, pé bí kò bá ti já sábẹ́ méjìlá àbọ̀, ìlà òun ṣì dúró. Òótọ́ sì ni, kò já sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn abo àgùntàn ni kò lè dúró. Kò sẹ́ni tó lè rà wọ́n sìn, ọ̀dá kan náà ló ń bá gbogbo wa jà. Ọkọ̀ ilé ìpẹran ló wá kó wọn. Noeline kò jẹ́ kí ajá lé wọn wọkọ̀. Òun ló rìn ṣáájú, ó ń pè wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, torí òun ni wọ́n mọ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá. Desmond dúró lẹ́nu géètì, ojú rẹ̀ pọ́n. Inú bí mi sí i débi pé n kò kí i kí n tó máa lọ.

Òjò dé lọ́dún kejì. Koríko hù, kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́. Ọjà náà sì tún gbéra, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí Gavin fi pè láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Wòlíì, ó pé. Mọ́kàndínlógún ó dín sẹ́ǹtì mẹ́ta, bó o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ti tà á."

Noeline ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí Desmond gbé fóònù sílẹ̀.

"Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí?"

"O wí bẹ́ẹ̀."

"A máa ra abo tuntun, Noeline. A lówó tá a lè fi ra èyí tó dáa jù lọ."

"Ra èyí tó bá wù ẹ́. Ìwọ ni wàá máa jí bọ́ wọn."

Ó rà wọ́n lóòótọ́, ó sì ń jí bọ́ wọn. Mi ò lè sọ pé wọn ò dáa. Nígbà tí ìrẹ́run dé, wọ́n ju irun àkọ́kọ́ sórí tábìlì mi, mo tẹ́ ẹ, mo sì dáwọ́ dúró bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn arẹ́run pa ẹ̀rọ wọn. Gbogbo wa wo ẹnu ọ̀nà. À ń gbọ́ òórùn ẹran tó ń dín nílé ìdáná, a sì ń gbọ́ tí Noeline ń kó àwo.

Desmond dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sídìí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò ya irun náà sí méjì, ó wo inú rẹ̀. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.