Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Yóò Bá Rótìmí Gbọ́ Orin

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń tán lọ́wọ́ ọkùnrin, kó wo ojú Rótìmí lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá ti fi síídì rẹ̀ sínú rédíò ọkọ̀, tí ẹni tó jókòó tì í wá sọ pé, "Bọ̀dá Rótìmí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí gospel ni?" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á yọ ti ẹ̀, á fi orin ìjọ sí i. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa hó bí omi ẹ̀bà lórí iná. Láti Clinton, ìlú tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní Langley Park, ọ̀nà ni yóò tẹjú mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ni Olúrótìmí, ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìjọba kan, kì í pẹ́ dé ìsìn, òun náà ló sì máa ń gbé àwọn tí kò ní mọ́tò. Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n rí sí i ni orin tó fẹ́ràn. Black metal ni àwọn òyìnbó ń pè é, ilẹ̀ Norway ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wá. Gìtá inú rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n da ata gbígbẹ sí, ìlù rẹ̀ ń rọ́ gììrì bí òjò lórí páànù, ẹni tó ń kọ ọ́ á sì máa ké bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé rédíò ló bàjẹ́.

Ọdún tí Rótìmí dé Amẹ́ríkà ni orin náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kò ní ìyàwó, kò ní ọ̀rẹ́, òtútù sì ń mú un dé egungun. Gbogbo ẹni tó bá pè nílé ló ń kí i kú oríire. Kò sí ẹni tó lè sọ fún pé ó ń ṣe òun bí ẹni kí òun jókòó sílẹ̀ kí òun sunkún. Aaron, òyìnbó tí wọ́n jọ ń to páálí, ló fi orin yìí sí rédíò lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń bọ́. Rótìmí dúró gbagidi pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti wá bá a sọ bí òtútù náà ṣe rí gan-an, láìfi àdúrà kún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ẹni tí àwọn yóò jọ máa gbọ́ ọ.

Àwọn èèyàn wa náà, a mọ bí a ṣe ń fi ẹnu dídùn kọ nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Rótìmí kọ́kọ́ gbójú lé, ó sì gbé síídì lọ bá a nílé. Gìtá kò tíì wọlé tán tí Rótìmí fi dín ohùn rẹ̀ kù láti ṣàlàyé.

"Ẹ gbọ́ ìlù yẹn, sà? Blast beat ni wọ́n ń pè é. Ohùn gìtá yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dún bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò fẹ́ kó mọ́ rárá, sà, torí pé—"

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ?" ni Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ bi í.

"Èdè Norway ni, sà. Èmi náà ò gbọ́ ọ."

Olútáyọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Rótìmí, orin tí o ò mọ nǹkan tó ń sọ, tó bá jẹ́ èpè ló ń ṣẹ́ fún ẹ ńkọ́?" Ó ní òun á gbọ́ ìyókù tí òun bá ráyè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dá síídì náà padà, ó sì fi ìwé àdúrà kékeré kan lé e lórí.

Rótìmí wá sọ pé kí òun kúrò lọ́dọ̀ àgbà. Ó gbìyànjú Wùnmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n bí síhìn-ín tó sì wà ní yunifásítì. Orin kan ṣoṣo, ó dín in kù lẹ́ẹ̀marùn-ún láti ṣàlàyé. Wùnmí ní, "It's interesting, Uncle," ó fi ohun ìgbọ́rin tirẹ̀ dí etí. Nígbà tí ọmọ náà délé, ó wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kà á pé láyé ọjọ́sí, àwọn kan nínú àwọn olórin yìí dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì nílùú wọn. Òótọ́ ni. Rótìmí mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọrin nípa yìnyín àti igbó nìkan ló ń fún èèyàn gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé? Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ìjọ ti gbọ́, Fíkà, àlùfáà wọn, sì gbé ọwọ́ lé Rótìmí lórí, ó gbàdúrà fún un. Rótìmí ṣe àmín. Inú ń bí i débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Níkẹ́ ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ló wá fi òpin sí i. Ìyá Níkẹ́ ń bọ̀ láti Nàìjíríà nígbà Àjíǹde, yàrá ìsàlẹ̀ tí àpótí síídì kún ni màmá náà yóò sì sùn.

"Daddy Mobáyọ̀, ó ti sú mi," ni Níkẹ́ wí. "Everybody in that church ló ń wò mí bíi pé mo fẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Ó dáa. Ẹ mú ẹnì kan wá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn èèyàn wa, kó jókòó síbí, kó sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, the boxes can stay. Tẹ́ ò bá rí i kí Mummy tó dé, thrift store tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà la máa kó wọn lọ."

Rótìmí kò sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Níbo ni yóò ti rí ẹnì kan?

Ibi tí kò fojú sí ló ti rí i. Bàbá Fẹ̀yìntọlá, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Accokeek, ń gbé lọ́dọ̀ Ògo ọmọ rẹ̀ nínú igbó Accokeek lọ́hùn-ún, níbi tí èèyàn kò ti lè dé ibì kankan láìwọ mọ́tò. Ìyàwó Bàbá ti kú níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ògo máa ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí náà àwọn ará ìjọ máa ń gbé Bàbá lọ sí ìsìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Rótìmí, inú burúkú ló bá jí. Ó fi orin rẹ̀ sí i, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Igi ẹ̀bá ọ̀nà ni Bàbá ń wò títí wọ́n fi dé. Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá ránṣẹ́ sí ìjọ pé Rótìmí nìkan ni kó máa gbé òun.

"Èyí ọjọ́sí dà?" ni Bàbá wí bó ṣe wọ ọkọ̀.

Inú Rótìmí dùn. Ó fi í sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ó ń dín orin kù, ó ń sọ ti gìtá, ti ìlù, ti òtútù ilẹ̀ Norway. Bàbá ń mi orí. Nígbà tí Àjíǹde ku díẹ̀, Rótìmí bẹ̀ ẹ́ kó wá jẹun nílé àwọn lẹ́yìn ìsìn, kó sì bá òun jẹ́rìí.

Níkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ̀yìn Màmá á dáa. Ẹ máa gbà fún Ọlọ́run, sà. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran."

"Àmín," ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ sì pa dé. Rótìmí kò tilẹ̀ rí i, ó ti ń ronú ohun tí Bàbá yóò sọ.

Nígbà tí wọ́n jẹ ìrẹsì tán, Níkẹ́ bi í léèrè. "Bàbá, orin tí wọ́n ń gbọ́ nínú mọ́tò yìí, ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀."

Rótìmí fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Kí lẹ fẹ́ràn nínú ẹ̀, sà?"

Bàbá gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Látìgbà tí Ìyá Ògo ti kú, kò sẹ́ni tó gbé mi tí kì í tù mí nínú láti ilé dé church. Ẹ̀ ń ṣe dáadáa, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tù nínú gbọ́dọ̀ máa dáhùn. Àmín. Ẹ ṣeun. Ó rẹ̀ mí. Nínú mọ́tò Rótìmí, ariwo yẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi. Ọmọ tó ń ké nínú ẹ̀, n ò mọ nǹkan tó ń ṣe é, àmọ́ ó ń ké e dáadáa. Ẹ ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi ti ríran títí. Ẹkún náà ni n ò tíì ráyè sun."

Níkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jọ.

Bàbá wá kọjú sí Rótìmí. "Nǹkan kan ló ń bà á jẹ́. Tó bá ti ń dùn bọ̀, wàá dín in kù, wàá máa bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn box yẹn wà ńbẹ̀," ni Níkẹ́ wí fún ọkọ rẹ̀, ó sì kó àwo wọlé.

Rótìmí borí, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Gbogbo àlàyé tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ṣe ni bàbá yìí ń dúró kó parí. Ó gbé Bàbá padà sí Accokeek pẹ̀lú ìbínú, ó sì fi orin sí i. Nígbà tí wọ́n wọ àárín igi, orin náà dé ibi tí gìtá ti ń dákẹ́, tó ku ohùn nìkan, ibi tí Rótìmí fẹ́ràn jù láyé. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara rédíò, ẹnu rẹ̀ ti là. Ìgbà náà ló rántí Aaron. Aaron kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó kàn fi orin sí i, ó sì ń to páálí lọ.

Bàbá fa fìlà bojú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ta ni yóò rí àgbàlagbà tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní í sọ pé pẹ̀lẹ́? Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Rótìmí. Ó gbé e mì, ó sì yí ohùn orin sókè.